Sìdíkàt àti Ọdún Méje Tí Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Fẹ́ Rà

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá ti kí ọ̀rẹ́ yín kú oríire rí, tí ẹnu yín ń rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n tí inú yín ń ta yín bí ẹni pé wọ́n da ata sí i, kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Sìdíkàt ti wọ́. Bí kò bá ṣe yín bẹ́ẹ̀ rí, ẹ máa dúpẹ́, kí ẹ sì bá mi ká lọ.

Sìdíkàt àti Nàfísátù jọ dé London nígbà tí àwọn méjèèjì kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Yàrá kan ni wọ́n jọ ń gbé ní Peckham, ìkòkò ọbẹ̀ kan ni wọ́n jọ ń dá. Sìdíkàt ló kọ́kọ́ ríṣẹ́ ìtọ́jú ọ́fíìsì, òun náà ló sì fa Nàfísátù wọlé. Kí àwọn òyìnbó tó dé ibiṣẹ́ láàárọ̀, àwọn méjèèjì á ti gbálẹ̀, wọ́n á ti fọ ilé ìyàgbẹ́, wọ́n á sì ti wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà sílé, tí ọ̀kan á gbé orí lé èjìká èkejì, tí wọ́n á sùn lọ.

Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ẹni tó bá ní wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́, irọ́ ló pa.

Àmọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó ń dà bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni ayé ń ṣojú rere sí.

Tàjùdéèn, ọkọ Sìdíkàt, kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá obìnrin mìíràn lọ sí Bermondsey. Làtíìfù, ọkọ Nàfísátù, títí di òní ló ṣì ń bá ìyàwó rẹ̀ gbé báàgì bọ̀ láti ọjà Rye Lane. Yaqub, ọmọ kan ṣoṣo tí Sìdíkàt bí, bí ọdún Iléyá kò bá dé, kì í pe ìyá rẹ̀. Nusaybah, ọmọ Nàfísátù, ti di apòògùn ní Manchester, kò sì sí ọjọ́ tí kì í pe tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin àsàlátù fẹ́ yan olórí. Sìdíkàt ti mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ni. Òun ló gbọ́ gẹ̀ẹ́sì jù nínú wọn. Òun ló ń tẹ̀ lé àwọn ìyá lọ sí council, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, òun ló ń bá wọn bá dókítà sọ̀rọ̀. Ó ti ra ìborí tuntun pàápàá.

Nàfísátù ni wọ́n mú. Wọ́n ní ó ní sùúrù, wọ́n ní ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn.

Sìdíkàt ló kọ́kọ́ dìde. Ó dì mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Nàfísá, kú oríire! Ipò náà yẹ ọ́!"

Nígbà tó délé, ó bọ́ ìborí tuntun náà, ó jù ú sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n, owó ìfẹ̀yìntì, ló wá dé ní oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nàfísátù pè é lórí fóònù.

"Sìdí, ṣé o ráàyè lọ́la? Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o bá mi dá sí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Òjò winniwinni ń rọ̀ nígbà tí Sìdíkàt gba ẹ̀gbẹ́ pápá Peckham Rye kọjá lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nàfísátù gbé tíì fún un, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó fà á súnmọ́ra.

"Ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n ni. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò àwọn èèyàn wa. Wọ́n ní ẹni tí sítáǹpù rẹ̀ kò bá pé, ìjọba ti gbà á láyè kí ó fi owó ara rẹ̀ san àwọn ọdún tó ṣófo sẹ́yìn. Kódà ọdún tó ti pẹ́ gan-an. Wọ́n ní ààyè ọ̀hún kò ní pẹ́ pa dé."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹ̀yin tí ẹ kò gbé lọ́hùn-ún. Ní ìlú òyìnbó, bí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́, ìjọba á máa yọ owó kan lára owó oṣù rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní sítáǹpù. Ọdún márùn-dín-lógójì ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́dọ̀ ní kí pẹ́ńṣọ̀n ìjọba tó pé sí wọn lọ́wọ́. Ọdún tí o kò bá san nǹkan kan, àlàfo ni. Bí àlàfo bá pọ̀, pẹ́ńṣọ̀n á dín.

Ti Sìdíkàt pé pérépéré. Ó ti wádìí rẹ̀.

Nàfísátù ń sọ̀rọ̀ lọ. "Ọdún méje tí mo fi padà lọ gbé ní Ìsẹ́yìn, kò sí sítáǹpù kankan níbẹ̀. Bí mo bá fẹ̀yìn tì báyìí, díẹ̀ ni wọ́n máa fún mi. Àmọ́ tí mo bá san ọdún méje yẹn, Sìdí, ohun tí wọ́n bá ń fún ọ ni wọ́n á máa fún èmi náà."

Ohun tí wọ́n bá ń fún ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Sìdíkàt létí, kò sì jáde mọ́.

"Owó wo lo fẹ́ fi san án?"

"Àjọ mi bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ kí Nusaybah gbọ́ rárá, ó máa ní òun lòun máa san án, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ni, gbèsè báǹkì ń bẹ lọ́rùn ẹ̀. Ìwọ ni mo sá bá. O mọ̀ pé tí òyìnbó bá ti ń yára sọ̀rọ̀ nínú fóònù, gbogbo ẹ̀ á dàrú mọ́ mi lójú."

"Ìyẹn ò le," ni Sìdíkàt wí. "Pè wọ́n."

Wọ́n pè. Orin kan ń kọ nínú fóònù, kò tán bọ̀rọ̀. Bí orin náà ti ń kọ ni Sìdíkàt ń rántí ọdún méje yẹn. Ó rántí àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́jọ tí ó ń kúnlẹ̀ fi ọ̀bẹ ha ṣingọ́ọ̀mù kúrò lára rẹ̀. Ó rántí ọ̀gá kan tó máa ń fi ìka nu orí tábìlì lẹ́yìn tí òun bá ti nù ún, tí á gbé ìka náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó rántí ọjọ́ tí ó ṣubú lórí yìnyín, tí ó fi ẹsẹ̀ wíwú ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn, fọ́tò ni Nàfísátù ń fi ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn: ó jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, oòrùn ń ràn sí i lójú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Eékún ni Sìdíkàt fi ra ọdún wọ̀nyẹn. Nàfísátù fẹ́ fi owó àjọ rà á.

Obìnrin kan gbé e. Nàfísátù dáhùn orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, ó wá ní kí ọ̀rẹ́ òun bá òun sọ̀rọ̀. Sìdíkàt gba fóònù, ó gbé e mọ́ etí. Nàfísátù ní òun ń bọ̀, kí òun lọ dín iná ìrẹsì kù.

Ohùn obìnrin náà tutù. Ó ń rọra sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. Ó ní ààyè ṣì wà. Ó ní ọdún méjèèje ló ṣeé san, ṣùgbọ́n ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin ni òpin. Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, ọdún mẹ́fà tó súnmọ́ jù nìkan ni wọ́n á máa gbà, ti àtijọ́ ti lọ nìyẹn. Ó ní bí Nàfísátù bá ti fẹ́, òun lè bá a bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé kí n bá a bẹ̀rẹ̀?" ni obìnrin náà béèrè.

Sìdíkàt gbójú sókè. Làtíìfù ti ti ẹ̀yìn wọlé, ó ti bá ìyàwó rẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ó ń fi síbí tọ́ ọbẹ̀ wò, Nàfísátù sì ń lù ú lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́ bí ọmọdé.

"Rárá," ni Sìdíkàt wí pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì tó já gaara. "Ó ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ ṣeun."

Ó pa fóònù náà.

Nàfísátù sáré jáde, ó ti gba síbí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó ti parí. Wọ́n ti tì í láti oṣù tó kọjá. Ọdún tó ti pẹ́ tó tìẹ, wọn ò gbà á mọ́."

Nàfísátù dúró. Ojú rẹ̀ rọ díẹ̀. "Háà. Mo ti pẹ́ jù nìyẹn." Ó mí kanlẹ̀. "Alihamudulilahi. Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Ó padà sílé ìdáná, ó bu ìrẹsì àti ẹja sínú abọ́ ńlá kan, ó fi ọ̀rá wé e, ó gbé e fún Sìdíkàt.

"O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi. Wàhálà mi ti pọ̀ jù lọ́rùn ẹ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Nígbà tí Sìdíkàt ń padà lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, ara rẹ̀ fúyẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti yan olórí, oúnjẹ dùn lẹ́nu rẹ̀. Oúnjẹ Nàfísátù ni.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibòmíràn lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ka tẹsibíyù tán, Nàfísátù dìde gẹ́gẹ́ bí olórí. "Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n tí ẹ ń gbọ́ lórí rédíò, ẹ má da ara yín láàmú o. A ti pe ilé iṣẹ́ wọn. Wọ́n ti tì í."

Àwọn obìnrin kan mi orí. Òmíràn pòṣé. Sìdíkàt kò gbójú sókè, àfi ìgbà tí ẹnì kan fọwọ́ kàn án léjìká láti ẹ̀yìn. Mìsítúrà ni, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, tó ń gbé ní Aylesbury Estate.

"Àńtí mi, Ọlọ́run ló yọ mí," ni Mìsítúrà sọ sí i létí. "Mo ti fẹ́ lọ yá owó láti san tèmi. Ẹ ò rí i pé gbogbo ọdún tí mo fi dirun ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń san fún mi, tí ìjọba ò mọ̀ sí i? Kò sí sítáǹpù kan níbẹ̀."

Sìdíkàt yíjú padà síwájú. Kò ronú kan Mìsítúrà rárá.

Òun ló mú ọmọ yìí wá sí London. Òun ló bá a wá iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù irun náà. Ó yẹ kó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà náà lọ́hùn-ún kó ní, "Lọ pè wọ́n fúnra ẹ, ó ṣì wà." Àmọ́ Mìsítúrà kò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́. Bí ó bá gbọ́ láàárọ̀, gbogbo àsàlátù á ti gbọ́ kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, Nàfísátù náà á sì gbọ́.

"Alihamudulilahi," ni Sìdíkàt dáhùn.

Gbogbo oṣù Kejì ló fi ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun á sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí oṣù Kẹta dé, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Walworth Road, ó rìn wọ inú Aylesbury, ó gun àtẹ̀gùn lọ bá àbúrò rẹ̀. Ó ti pinnu. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu.

Mìsítúrà ṣílẹ̀kùn, ó ń tiro. "Ẹ wọlé, Àńtí mi. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, mi ò tiẹ̀ lè lọ síbi iṣẹ́."

Sìdíkàt jókòó. "Mìsí, ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n ọjọ́sí yẹn..."

"Èwo tún ni? Ẹ jẹ́ kó lọ, ó ti tán." Mìsítúrà na ẹsẹ̀ sórí àga. "Àńtí Nàfísá mà ń gbìyànjú o. Ó gbọ́ pé ara mi ò yá, ó gbé ìṣínu wá fún mi lánàá. Ó tún bá mi fọ abọ́! Àńtí mi, ẹ má bínú o, àmọ́ àwa gan-an ń sọ ọ́ láàárín ara wa pé inú wa dùn tó jẹ́ òun la mú. Ó ní ọkàn tó mọ́."

Gbogbo ohun tí Sìdíkàt ti tò sẹ́nu, ó gbé e mì.

"Ọ̀rọ̀ wo lẹ fẹ́ sọ?"

"Rárá, mo kàn ní kí n wá wò ọ́ ni."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà, omi ń lé lójú rẹ̀, ìbínú ló sì fà á. Àbúrò òun! Ẹ̀jẹ̀ òun! Òun náà ti di ti Nàfísátù.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin bọ́ sí Sátidé. Sìdíkàt kò jáde nílé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Sunday, ó mí kanlẹ̀. Ó ní irọ́ òun ti di òótọ́ nìyẹn. Wọ́n ti tì í lóòótọ́ báyìí. Ta ló tún máa bi òun ní ọjọ́ tí wọ́n tì í?

Ìparí oṣù Karùn-ún ni Mìsítúrà wọ gbọ̀ngàn àsàlátù láì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ilé ìfọṣọ ọsibítù kan ló ń ṣiṣẹ́ sí, ibẹ̀ ló gbà wá tààrà. Àwọn obìnrin ti jókòó sórí ẹní. Nusaybah náà wà níbẹ̀, ó wá kí ìyá rẹ̀.

Mìsítúrà kò kí ẹnikẹ́ni. "Àńtí Nàfísá, ẹ dìde! Ẹ wá sọ ìdí tí ẹ fi parọ́ fún wa!"

Àwọn obìnrin yíjú sí Nàfísátù.

"Irọ́ kẹ̀?" ni Nàfísátù wí.

"Evelyn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ghana, oṣù Kẹta ló san tiẹ̀! Ọdún mẹ́jọ ló san! Ó ní títí wọ oṣù Kẹrin ni ó wà ní ṣíṣí. Ó bi mí pé ṣé mi ò gbọ́ ni, mo ní olórí wa ló sọ fún wa lóṣù Kìíní pé wọ́n ti tì í. Evelyn fi mí rẹ́rìn-ín! Èmi tí mo máa fi ẹsẹ̀ yìí ṣiṣẹ́ dọjọ́ ogbó!"

Ariwo sọ. Obìnrin kan ní, "Ọkọ mi náà fẹ́ pè wọ́n, èmi ni mo dá a dúró." Òmíràn ní, "Kí ẹni tí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì má máa ṣe ìkéde, a wí i, ẹ ò gbọ́." Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní kí wọ́n tún olórí yàn.

Ojú ti Nàfísátù. Ó di etí ìborí rẹ̀ mú. Bí Sìdíkàt ti ń wò ó, nǹkan kan dùn mọ́ ọn nínú, ó kéré, ṣùgbọ́n ó dùn. Ó sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ìdùnnú yẹn ni ohun tó bà òun lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

"Wait, wait," ni Nusaybah wí, ó na ọwọ́ sókè. "Mummy, ta ló sọ fún yín pé ó ti close?"

Nàfísátù yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sí ìfura kankan lójú rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ló wà níbẹ̀.

"Sìdí, jọ̀ọ́, dìde. Bá mi sọ ohun tí obìnrin yẹn wí fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé mi ò parọ́."

Sìdíkàt dìde. "Ṣé... fóònù yẹn ò já geere lọ́jọ́ yẹn. Gẹ̀ẹ́sì obìnrin náà tún ń ta kókó. Bóyá mo ṣì í gbọ́ ni."

"Ìwọ?" ni Ìyá Sherifdeen wí, ìyá àgbà tó jókòó nítòsí ògiri. "Ìwọ tí o jókòó láàárín èmi àti dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, tí ọ̀rọ̀ kan ò bọ́ sílẹ̀?"

"Aunty Sìdí, be serious," ni Nusaybah wí. "Gẹ̀ẹ́sì yín dáa ju ti manager mi lọ. Ẹ ò lè mishear open àti closed. Allow it, man, ẹ jẹ́ ká gbọ́ òótọ́."

Mìsítúrà ti súnmọ́ tòsí. Ìbínú ti kúrò lójú rẹ̀. Ohun mìíràn ló wà níbẹ̀ báyìí. "Àńtí mi. Ẹ wò mí lójú."

Ẹní ni Sìdíkàt tẹjú mọ́.

"Lọ́jọ́ tí ẹ wá kí mi, tí ẹ ní ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n, tí ẹ wá panu mọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ṣì wà ní ṣíṣí?"

Bí ó bá dákẹ́ ni, bóyá wọn ì bá ṣì máa ro ó. Àmọ́ ohun tó ti ń hó nínú Sìdíkàt láti ọdún wọ̀nyí wá, ẹnu rẹ̀ kò lè dé e mọ́.

"Mo mọ̀!" ni ó pariwo. "Mo mọ̀! Kí ló dé tí gbogbo nǹkan fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Nàfísátù? Èmi ni mo mú un wọṣẹ́! Èmi ni mo dúró sínú òtútù! Ọdún méje ló fi wà nílé, tó ń jẹ iyán, tó ń gba oòrùn, tí èmi ń fọ ìgbẹ́ òyìnbó! Ó ní ọkọ! Ó ní ọmọ! Ẹ tún fi ṣe olórí! Kó wá jókòó kó fi owó ra ọdún tí mo fi eékún rìn, kí a sì jọ máa gba iye kan náà? Ṣé ó burú tí mo sọ pé rárá?"

Ohùn ara rẹ̀ ni Sìdíkàt ń gbọ́ tó ń padà bọ̀ lára ògiri. Ìgbà yẹn ló mọ ohun tí ó sọ.

Nàfísátù rọra jókòó sórí ẹní.

"Ìyá mi fọ́jú, Sìdíkàt. Ọdún méje yẹn, èmi ni mò ń gbé e lọ sí balùwẹ̀, èmi ni mò ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Abẹ́ igi máńgòrò yẹn ni mo máa ń gbé e jókòó sí. Tí mo bá fẹ́ ya fọ́tò sí ọ, mo máa ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí o má baà rí bó ṣe rù." Ó nu ojú rẹ̀. "Mi ò tiẹ̀ fẹ́ lọ nígbà yẹn. Ìwọ lo ní kí n máa lọ. O ní kí n má ṣe dà bí ìwọ tí ìyá ẹ kú tí o ò sí níbẹ̀."

Sìdíkàt rántí. Nínú bọ́ọ̀sì ló ti sọ ọ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu omijé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ti gbàgbé pátápátá.

"Tó o bá ní o ò lè bá mi pè wọ́n," ni Nàfísátù wí, "ǹ bá ti wá ẹlòmíràn."

Kò gégùn-ún, kò bú u. Ó ní kí Ìyá Sherifdeen bá wọn ṣe àdúà ìparí.

Mìsítúrà tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. "Èmi ńkọ́, Àńtí mi? Kí ni èmi ṣe fún yín?"

Sìdíkàt wọ bàtà rẹ̀, ó jáde.

Nusaybah pe ilé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kejì, ó tún pè lọ́jọ́ kẹta. Ó ṣàlàyé, ó bẹ̀bẹ̀, ó fẹjọ́ sùn. Wọ́n ní àwọn bá wọn kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ààyè ọdún àtijọ́ ti pa dé fún gbogbo èèyàn. Ọdún méjèèje Nàfísátù lọ bẹ́ẹ̀. Mìsítúrà rí díẹ̀ san nínú èyí tó súnmọ́, àwọn ọdún ṣọ́ọ̀bù irun kò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́.

Yaqub tí kì í pe ìyá rẹ̀, ó pè lọ́sẹ̀ yẹn. "Mummy, ohun tí wọ́n ń sọ yìí, is it true?" Nígbà tí Sìdíkàt kò fèsì, ó ní, "Okay," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Sìdíkàt kò lọ sí àsàlátù mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kó ìtìjú tì, ó lọ sílé Nàfísátù. Ó ti rò ó pé nígbà tí pẹ́ńṣọ̀n òun bá bẹ̀rẹ̀, òun á máa yọ nínú rẹ̀ fún un lóṣooṣù. Làtíìfù ló ṣílẹ̀kùn. Sìdíkàt kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn níta, ó sọ ohun tó bá wá.

Làtíìfù wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde. Ọkùnrin náà kò wò ó lójú.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti dárí jì yín. Ó ní òun ò fẹ́ owó. Ó tún ní kí ẹ má wá síbí mọ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé, Sìdíkàt ló ní kí n sọ ìtàn yìí fún yín. Ó ní kí n má fi nǹkan kan bò. Ó ní kí ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń rí oore yẹ inú ara rẹ̀ wò nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì kéré, kí ọjọ́ tí ẹlòmíràn á fi ọkàn tán an tó dé. Nítorí ó ní òun kò mọ̀ pé òun lè ṣe é, títí òun fi gbọ́ tí ẹnu òun ní "rárá."

Pẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ ti ń wọlé báyìí, ó pé. Ti Nàfísátù náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó gbọ́ bùkátà, nítorí náà kò tíì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìyẹn ni Sìdíkàt ṣe pàdé rẹ̀ ní ibùdó bọ́ọ̀sì Peckham, láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọ̀gìnnìtìn. Ọsibítù ni Sìdíkàt ń lọ, wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Nàfísátù wọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, ó gbé ìbọ̀wọ́ rọ́bà sábẹ́ apá, ó ń fẹ́ èémí sọ́wọ́.

Láti ogójì ọdún ó dín díẹ̀, bí wọ́n bá pàdé, "Sìdí, ìwọ rèé?" ni Nàfísátù máa ń wí, á sì gbá a léjìká.

"Nàfísá," ni Sìdíkàt pè é.

Nàfísátù yíjú. Ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, bí èèyàn ti ń ṣe fún ìyá àgbà tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni ó wí.

Bọ́ọ̀sì dé. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún Sìdíkàt. "Ẹ kọ́kọ́ wọlé, mà."